Ẹnu Yín Tí Mo Lọ Sun ní Lọ́ńdọ̀nù

Màmá mi, àyànfẹ́ bàbá mi,

Èmi ọmọ yín tó kúrò níléèwé ní ìwé kẹta náà ni o. Ẹ wá wò mí! Láti Ìkòtún dé Ìgándò, kò sẹ́ni tó ń ta páànù tó mi. Àwọn tó kàwé gan-an ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò bẹ̀rù ẹnì kankan, àfi ẹ̀yin.

Lọ́jọ́ tí a wẹ̀ yín kí a tó sin yín, ẹnu yín ṣù pọ̀ bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ iná. Àwa méjèèjì la jọ máa ń fẹ́ ẹ nídìí àkàrà yín, tí igi tútù bá kọ̀ tí kò gbiná. Ibẹ̀ ni awọ ti hunjọ, tí ìlà fi yí ẹnu yín ká. Nígbà tó yá, ó yọ lẹ́nu tèmi náà. Bí mo bá ti wo dígí láàárọ̀, ẹ̀yin ni, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò sọ ọ́. Kí lẹ fẹ́ sọ, Màmá?

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi l'Ákówọnjọ, ó ní: "Ìyá àgbà, ṣé páànù yín yìí ò ní jò ṣá?" Èmi! Mo ní, "Ìyá àgbà ń bẹ nílé yín, jàre."

Ni mo bá wọ bàálù lọ Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní iná kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lésà, ó ń jó awọ tó hunjọ kúrò, kí tuntun lè yọ. Dókítà òyìnbó wò mí títí, ó ní ṣé mo máa ń mu sìgá ni. Sìgá kẹ̀! Iná ààrò ìyá mi ni mo fi ẹnu fẹ́.

Ẹnu mi wú, èépá bò ó, èépá ṣí, ó wá ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Mo fi yangàn ká gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá. Mo wo dígí, ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ilé wá dákẹ́ jù.

Ṣé ẹ bínú ni? Torí nígbà tó ṣe díẹ̀, ibi tí wọ́n sun bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé ó lè ṣe aláwọ̀ dúdú bẹ́ẹ̀, mo ní kó máa ṣe é lọ. Ó ti yí ẹnu mi ká báyìí, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, bí ẹnu wa ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ tí a bá fẹ́ iná tán. Àtíkè ò bò ó.

Ṣé ẹ rántí? Kí n tó lọ síléèwé, ẹ máa tutọ́ sí etí ìró yín, ẹ máa fi nu ẹnu mi. Èmi á máa sá, ìró yẹn a máa rùn fún òróró. Láàárọ̀ yìí, mo dúró níwájú dígí, mo dijú, mo na ẹnu síta.

Ẹ wá bá mi nù ún, Màmá. Mi ò ní sá mọ́.

Èmi ni, ọmọ yín, tó ṣì ń na ẹnu dè yín.