Àtàǹpàkò Tí Kò Ní Àpá

Bàbá mi àtàtà,

Ọ̀rọ̀ Àjàní, ọmọ mi tí ẹ kò dúró rí, ni mo gbé wá bá yín. Kàdúná ló wà báyìí, ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ kọ̀mpútà. Láti ìgbà tó ti mọ ẹ̀rọ yẹn lò ni kò ti fọwọ́ kọ lẹ́tà sí mi mọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ ni. Ìlà rẹ̀ tọ́ bí ebè tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, kò sí ibi tó ti pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Gbogbo ará àdúgbò ń yìn ín. Èmi nìkan ni ọkàn mi kò balẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè mí ní ọlọ́pàá lẹ́tà.

Nígbà tó ń fọwọ́ kọ ọ́, kí n tó kà á ni mo ti máa ń mọ bó ṣe wà. Bí inú bá ń bí i, bírò á fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé. Bí àárẹ̀ bá mú un, ìlà á máa wọ́ lọ sísàlẹ̀. Ní báyìí, àlàáfíà ni ṣáá. Ṣé òun ló ń jókòó ti ẹ̀rọ náà? Àbí ẹlòmíì?

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìsẹ́yìn, tíṣà ló ń bá yín kọ lẹ́tà láti Ṣakí, ẹ ó sì fi àtàǹpàkò tẹ tàdáwà sísàlẹ̀. Mo mọ àtàǹpàkò yẹn dáadáa: àpá àdá ló là á sí méjì. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà kan dé pé ara yín le, kí n fojú sí ìwé mi. Mo wo ìsàlẹ̀. Àtàǹpàkò wà níbẹ̀, àpá kò sí. Mo parọ́ fún ara mi pé tàdáwà ló pọ̀ jù. Ará ilé fẹ́ kí n ṣe ìdánwò tán kí n tó gbọ́. Ìgbà tí mo délé, koríko ti hù lórí sàréè yín.

Kí ló dé tí n kò gbéra lọ́jọ́ náà? Ṣé ẹ ti dárí jì mí?

Mo bẹ Àjàní pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ péré fún mi. Èsì dé láàárọ̀ yìí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé kí n má ṣèyọnu, ayé ti lajú. Bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọmọ yẹn ti máa ń fa ìlà gígùn kan sábẹ́ orúkọ rẹ̀, bí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́. Ìlà ọ̀hún kò sí.

Mo ti di ẹrù. Mọ́tò Kàdúná àkọ́kọ́ tó bá kúrò ní gáréèjì lọ́la ni n ó wọ̀. Bí ẹ bá rí Àjàní tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé e padà.

Ìlà tèmi náà ti ń wọ́ lọ sísàlẹ̀, mo rí i. Ẹ kò mọ̀wé kà, nítorí náà mo ti tẹ àtàǹpàkò mi síbí, kí ẹ lè mọ̀ pé èmi ni.

Ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ṣì ń sọ.