Dígí Tí Ìjọba Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Wa

Girdhar ọmọ mi,

Mo fọwọ́ kan nǹkan ìjọba, n kò sì lè sọ ọ́ fún bàbá rẹ.

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ilé wa ńkọ́, àti àwọn ọmọ méjèèjì? Laxminath tí à ń bọ nínú odi yìí kò ní jẹ́ kí Mumbai gbé yín mì.

O ní kí n kọ bí wọn yóò ṣe rin ìlú wa Jaisalmer, nítorí iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí o bá wọn wá ṣe Diwali, ọdún fìtílà wa. Bí wọ́n bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n má dá àwọn tó ń pè wọ́n sí hòtẹ́ẹ̀lì lóhùn. Kí wọ́n gun òkè wá sínú odi ní ìdájí, kí òkúta tó gbóná, kí wọ́n má sì fara ti ògiri kankan. Kí wọ́n yà kí Lalchand ará àdúgbò wa, àmọ́ kí wọ́n má bèèrè ìyàwó rẹ̀ o. Ilé ìdáná ló wó lù ú nígbà òjò, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a hú òkú rẹ̀ jáde. Omi ló fà á. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ìkòkò méjì ni mò ń rù láti adágún Gadisar, òun la ó fi lo ọjọ́ kan. Báyìí àlejò kan ṣoṣo á wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ á sì wọ abẹ́ òkè lọ.

Ìyẹn ni ọ̀gá kan ṣe wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ó fi símẹ́ǹtì lẹ dígí pẹlẹbẹ mọ́ ibi tí ògiri yàrá ẹ̀yìn ti là, ó kọ déètì sí i, ó ní bí òun bá padà dé lẹ́yìn oṣù méjì tí dígí ṣì wà lódindi, kò séwu. Mo dúpẹ́ gan-an pé ìjọba ti bá wa fi nǹkan mú ògiri náà. Ọjọ́ kẹsàn-án, dígí fọ́. Mangi aládùúgbò wa fi mí ṣẹ̀sín, ó ní Ìyá Girdhar, nǹkan ìjọba kì í pẹ́ lọ́wọ́ yín o! Ojú tì mí. Mo yọ dígí fọ́tò ìyá ọkọ mi, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́, mo kọ déètì yẹn bí ọwọ́ ọ̀gá ṣe rí gẹ́lẹ́. Ó tún fọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀, kò sí fọ́tò tó tún ní dígí nílé yìí mọ́. Ṣé wọn ò ní mú mi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀gá dé, ó wò ó, ó ní Màmá, ilé yín le bí irin, ó sì fún wa ní ìwé tó ní òǹtẹ̀. Nítorí náà yàrá ẹ̀yìn ni mo tẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ sí, torí nínú gbogbo ilé, òun nìkan ni ìjọba fọwọ́ sí.

Bá mi fi owó epo fìtílà rán ìyàwó rẹ, àti dígí tó nípọn bíi ti báńkì tí o ti ń ṣiṣẹ́, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ tún ti sán láti àná.

Àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, o kò ní sin ọmọ. Tètè fèsì, kí n mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.

Ìyá rẹ,
Sarla