Mo Kọ́ Ọmọ Mi Láti Sọ Pé Kò Dun Òun

Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi ní irọ́ tó ń pa fún àwọn dókítà. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, kì í sì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí ìlú wa ò tóbi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi pọ̀ lórí page yìí, ọkọ mi gan-an máa ń kà á... Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bú mi tán, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn, torí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí la ń padà lọ sí ilé ìwòsàn, mi ò sì tíì mọ ohun tí màá sọ níbẹ̀.

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Ìkọ̀lé. Ọmọbìnrin mi yìí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Tèmi. Ọdún tó kọjá ni wọ́n sọ fún wa pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é. Ibà la kọ́kọ́ pè é, a lo oògùn ibà títí, àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní imú rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ní kíláàsì tí kò dá... Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Dókítà ní irú tiwa yìí gbóògùn, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n treatment náà máa gùn, ó máa lé ní ọdún méjì, a ò sì gbọdọ̀ já a láàárín. A ò gbọdọ̀ já a láàárín. Nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan ni mo gbé délé.

Obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù, ará Ìsàn, ibùsùn ọmọ tiẹ̀ kọjú sí tiwa. Ẹnu ọmọ náà dégbò débi pé kò lè gbé itọ́ mì, ni wọ́n bá ní kí wọ́n dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ara rẹ̀ sinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ò pé tí ọmọ náà fi kú. Mi ò bi dókítà bóyá oògùn tí wọ́n dá dúró ló fà á àbí nǹkan mìíràn ni. Kí ni mo tún fẹ́ bi? Mo ti rí ohun tí mo rí. Bí mo ṣe ń bá ìyá ọmọ náà di ẹrù rẹ̀, tí omi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì, ohun tí mò ń rò lọ́kàn ni pé wọn ò ní dá ti ọmọ tèmi dúró láé.

Ẹ̀yin tíṣà tó wà níbí mọ bí a ṣe máa ń ṣe tí àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀. A ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n máa sọ láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ta ló máa nawọ́, ta ló máa dákẹ́, tí wọ́n bá bi yín pé ṣé ẹ ní ìwé, ẹ ní a ní in, sà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ọmọ mi. Nínú ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé, ká tó kọjá Ọyẹ́, màá ti bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi á di dókítà, òun á máa dáhùn. Báwo ni ara? Ara mi le, sà. Ṣé ẹnu ń dùn ẹ́? Rárá, sà. Wọ́n ní páálí kan níbẹ̀ tí wọ́n ya ojú mẹ́fà sí, ti àkọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ti ìkẹyìn ń sunkún, nọ́ọ̀sì á ní kí ọmọ fi ìka tọ́ka sí èyí tó jọ bó ṣe ń ṣe é. Mo ní kó máa tọ́ka sí ìkejì. Mi ò ní kó tọ́ka sí àkọ́kọ́, torí wọn ò ní gbà á gbọ́. Ẹ wo bí mo ṣe gbọ́n tó.

Ó kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé tí òun ò fi lè sọ bó ṣe ń ṣe òun. Mo sì dá a lóhùn... Ohun tí mo sọ fún un yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Mo ní tó bá ti sọ pé ó ń dun òun, wọ́n á dá oògùn dúró, tí wọ́n bá sì dá oògùn dúró, á lọ bá ọmọ tó kú ní ibùsùn iwájú wa yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún. Kò bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé èèrà ń rìn nínú ìka ẹsẹ̀ òun, mo ní kó má sọ ọ́ níta. Lẹ́yìn náà kò sọ ọ́ mọ́ rárá, mo rò pé ó ti lọ ni, àbí mo kàn fẹ́ rò bẹ́ẹ̀? Tẹ́lẹ̀, kò sí ọmọ tó lè bá a ta tẹ́ǹ-tẹ́ǹ ní àdúgbò wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ojú lọ. Ó di pé ó ń jókòó sórí pèpéle, ó ń bá àwọn yòókù ka ẹni tó jẹ. Mo rí i. Ìkọ̀wé rẹ̀ bàjẹ́, lẹ́tà ń ṣubú kúrò lórí ìlà, mo sì bá a wí pé ọ̀lẹ ń ṣe é, èmi tíṣà. Mo rí i tó ń di àgbọ̀n mú tó bá fẹ́ jẹun, tó ń jẹ́ kí ògì tutù pátápátá kó tó mu ún. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú un jáde fún testimony, bàbá rẹ̀ gba máìkì, ó ní ẹ wo ọmọ mi, wọ́n ń fa oògùn sí i lára, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Tèmi ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan di sikẹ́ẹ̀tì mi mú látẹ̀yìn kó má bàa ṣubú.

Ní oṣù tó kọjá, a lọ kí ìyá mi ní Ìrè. Ìyá mi ń sun iṣu lẹ́yìn ilé, Tèmi jókòó tì wọ́n, ó ti bọ́ bàtà. Ẹyin iná kan yí jáde. Ọmọ mi dìde láti gba iṣu lọ́wọ́ ìyá mi, ó tẹ ẹyin iná náà mọ́lẹ̀, ó sì dúró lórí rẹ̀... Ó dúró lórí rẹ̀, ó ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Òórùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, ìyá mi rò pé iṣu ló ń jó. Nígbà tí wọ́n tì í kúrò níbẹ̀, Tèmi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá gbójú sókè wò mí. Ìyá mi ní, "Ùyà yìí ti pọ̀ jù fún ọmọdé," wọ́n sì wọlé lọ. Wọn ò bi mí ní ohunkóhun, ó sì dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Egbò náà ṣe bí ẹni fẹ́ san, ó tún kẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná, a lo ọjọ́ mọ́kànlá ní wọ́ọ̀dù. Dókítà ní oògùn yìí lè mú kí ẹsẹ̀ ọmọ má mọ nǹkan lára mọ́, ó bi mí bóyá ó mọ iná náà lára nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ti wà nínú báńdéèjì nígbà náà, ẹnu wa ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo ní ó mọ̀ ọ́n lára dáadáa, mo ní ó pariwo tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. Tèmi mi orí lórí ibùsùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò tilẹ̀ ṣẹ́jú sí i o. Kò nílò kí n ṣẹ́jú mọ́.

Egbò ti jiná báyìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, dókítà ní ọmọ wa lágbára, pé gbogbo àkọsílẹ̀ ló fi hàn pé oògùn bá a lára mu, kí a wá bẹ̀rẹ̀ ìpele tó kàn ní Ọjọ́bọ̀. Oògùn kan náà ni, èyí tó ń ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹn, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ń pe gbogbo ẹbí láti fún wọn láyọ̀.

Lánàá, lẹ́yìn tí a dé láti ilé-ìwé, mo ń wẹ̀ fún un. Mo fi èékánná tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ gidi, ó ń ṣeré pẹ̀lú ọṣẹ. Mo bi í pé ṣé o mọ̀ ọ́n, sọ òótọ́ fún mi. Ó ní, "Ara mi le, mà." Kì í pè mí ní mà nílé, Mọ́mì ló máa ń pè mí. Mo bú sẹ́kún, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, màá sọ fún dókítà ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí fi omi lára kúnlẹ̀, ó di ìró mi mú, ó ní kí n má sọ fún wọn, pé òun ò fẹ́ kú. Ó ní òun á fi hàn mí pé kò sí nǹkankan. Ó dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè mọ ibi tó ń gbé e sí, ó ń bi mí pé ṣé mo rí i, ṣé mo rí i. Mo ní mo rí i.

Ìbéèrè mi rèé. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, mò ń wò ó tí wọ́n á fi sọ ọmọ mi di arọ, mi ò sì mọ ohun mìíràn tó ń fi pamọ́ fún mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, tí wọ́n dín oògùn kù tàbí tí wọ́n dá a dúró, tí àìsàn náà wá padà ńkọ́? Kódà tí kò bá padà, lójú ọmọ mi, èmi ìyá rẹ̀ ni mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn kó lè kú. Á jókòó síbẹ̀, á máa dúró de ikú. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, dókítà ni àbí òun? Tí mo bá sì ní irọ́ ni mo pa fún un nígbà yẹn, pé sísọ pé ó ń dunni kì í pa ọmọ, kí ló máa mú kó gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ọmọ tó ní irú àìsàn yìí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn kọjá lọ. Ẹ̀gbẹ́ mi níbí ni Tèmi jókòó sí, ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni mò ń tẹ̀ lórí fóònù láti àárọ̀, mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Kí ni kí n sọ fún un?