Omi Tútù tí Mo Wọ́n sí Bàálù Bólúwají

Àǹtí Mọ́fẹ́yìsára,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ nínú òtútù ọ̀hún. Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́; oògùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Mo ti pààrọ̀ páànù ilé Bàbá, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò yà mí ní fọ́tò. Fọ́tò Bólúwají àbúrò wa lẹ gbé sójú wasaapu yín, òun àti bàálù tó fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò kàn. Gbogbo Ìpara ń pè é ní Páílọ́ọ̀tì. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, “ẹ̀gbọ́n Páílọ́ọ̀tì” ni mo dà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní èmi àgbà ni kí n yí bàálù náà ká, kí n wọ́n omi tútù sí i, kí n ṣàdúrà, bá a ti ń ṣe fún mọ́tò tuntun. Mo débi ìrù, mo rí i pé nọ́ọ̀tì tó di okùn ìdarí rẹ̀ mú ti ń tú. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún Bólúwají. Mo wọ́n omi sí i, mo ní, “Àlọ ire, àbọ̀ ire.”

Bàálù náà gbé e sáré lórí pápá ilé ìwé, ó gbéra díẹ̀, ló bá fì sósì, kò ṣe é darí mọ́, ó já sóko ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ Bólúwají kan dá, ṣùgbọ́n ó ń jẹun.

Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì yẹn fún un, ẹnu mi ò gbà á. Gbogbo ẹni tó wá kí i ní ọsibítù ló ń sọ fún pé àdúrà mi ló yọ òun. Ó ní èmi náà ni n ó wọ́n omi sí èyí tóun tún fẹ́ kàn.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lọ́nà jíjìn. Ẹ bá wa gbàdúrà. Tèmi ò jáde lẹ́nu mọ́.

Àbúrò yín,
Kọ́lápọ̀