Pijó Tí Mo Ní Ó Ti Jẹrà

Ojúlé Kọkànlá, ẹ̀yìn mọ́sálásí,
Jakpa Road, Effurun,
Ìpínlẹ̀ Delta.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ishaq, ọmọ ìyá mi tí ìyá mi ò bí,

Mo kí ọ kú ojú lọ́nà. Ìyàwó ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ kú òtútù Ìsẹ́yìn. Ara àwa náà le níbí. Mo ń bá àwọn ọmọ sọ Yorùbá, Pidgin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

O ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Kúbúrátù ìyàwó mi ló ní ẹnu ni mo fi parọ́ fún ọ, ọwọ́ ni kí n fi tún un ṣe.

Ishaq, Pijó 504 tí o ní kí n bá ọ rà ní gbàǹjo, tí mo sọ pé ó ti jẹrà, kò jẹrà rárá.

Bàbá kan ló kú ní abúlé kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Sapele, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lu àwọn ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ní gbàǹjo. Èmi àti Kúbúrátù la jọ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni owó rẹ wà. Adìẹ ti sàba sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ ìjàpá kan. Ó wò mí bí onílé ti ń wo àlejò. Ọkọ̀ Mẹ̀sí kan wà tí ojú rẹ̀ ń dán, mo ṣí iwájú rẹ̀, koríko ló wà níbi tí ẹ́ńjìnnì yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n mo wọ abẹ́ Pijó yẹn, irin rẹ̀ ò dógùn-ún. Wọ́n ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan, ó dún bí èyí tí bàbá yín fi ń gbé wa lọ sílé ìwé.

Bóyá ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ta bàtà ló bà mí jẹ́, bóyá orí mi ni. Marvellous, ọkùnrin tó ń lu gbàǹjo, pe iye kan, mo ní kó gba ìdajì. Ó ní, "Oga, na up we dey go, no be down." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń lọ, kó lè pè mí padà bí ọlọ́jà ti ń ṣe. Kò pè mí. Àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́, wọ́n ti tà á. Ìtìjú ló jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù bí mo ti ń lọ sílé. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo wákàtí kan.

Kúbúrátù ló rà á. Bí mo ti ń ṣe yàngà lọ, ló ń nawọ́ sókè.

Ọkọ̀ rẹ wà ní àgbàlá wa. Ṣùgbọ́n Kúbúrátù ní òun ò ní yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́ àfi tí o bá pe òun, kí o ka gbogbo ohun tí mo jẹ́wọ́ fún òun. Tó bá ku ẹyọ kan, àlùbọ́sà tó ń tà ni yóò máa fi ọkọ̀ náà kó. Bá mi kí Màmá, kí o sì jẹ́ kí n fi ìyókù kún un.

Mi ò dúró nítòsí ibi gbàǹjo lọ́jọ́ náà. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì, ó kù díẹ̀ kí n dé Effurun kí n tó rántí pé mo mú ìyàwó dání. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀ létí títì ni Pijó kan tẹ fèrè lẹ́yìn mi. Kúbúrátù ló ń wà á. Ó yọrí síta, ó ní, "Bàbá Qudrah, ṣé ẹ ti ná an tán?"

Tìrẹ ni mí síbẹ̀, bí o bá ṣì ń fẹ́,
Sàláhúdéènì