Orin Ọkọ̀ Tó Ń Jò

                                        Etí Omi,
                                        Òde Ugbò,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Àrìnpé, ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

Ṣé òkun kò tíì wọ yàrá yín ní Ayétòrò? Orúnkún rẹ ńkọ́? Beauty ọmọ rẹ ńkọ́, àti àwọn ọmọ rẹ̀? Èmi ṣì wà. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ṣàìsàn. Rejoice, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kò gbọdọ̀ bù mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ orin wa ni. Godwin, ẹ̀gbọ́n Rejoice, ti di onígìtá. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orin aláriwo kan tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀kì. Ó gbọ́ orin náà lẹ́nu mi níjọ́ tí mo ń gbọ́n omi òjò kúrò nínú ọkọ̀, ó sì lọ fi sí gìtá. Ṣùgbọ́n Wọlé, onílù wọn, kò rí i lù. Mẹ́rin-mẹ́rin ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Márùn-ún-márùn-ún ni tiwa. Ó ní, "Màmá, orin yín yarọ." Mo ní, "Orin kò yarọ. Ọkọ̀ ló ń jò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá sọ ohun tí èmi àtìwọ kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọgbọ̀n ọdún: bí a ṣe fi ọkọ̀ tó lu gbé Olówòkéré, ọkọ rẹ, ẹ̀gbọ́n mi, láti Abereke, tí a ń wá ilé ìwòsàn lọ sí Igbókọ̀dá. A ó wa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a ó gbọ́n igbá omi kan. Orin la fi ń kà á. Bí a bá wa ìkarùn-ún kí a tó gbọ́n, omi á bá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó kú kí a tó débẹ̀. Mo mọ̀. Ìwọ náà mọ̀. A kò dá orin dúró.

Wọlé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pọn omi sínú báàfù, ó ní kí n fi àjẹ̀ àti igbá ṣe é lójú òun. Mo ṣe é títí ìlù rẹ̀ fi bá ọwọ́ mi lọ. Wọ́n ti gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú ìró igbá.

Ṣùgbọ́n orúkọ Olówòkéré wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù ká tó bá a ké ọfẹ. Mo ní wọn kò gbọdọ̀ gbé e jáde títí a ó fi gbọ́ tẹnu rẹ. Ó wà nínú fóònù Rejoice tó mú ìwé yìí wá. Jókòó gbọ́ ọ. Bí ó bá kan ìkarùn-ún tí ọwọ́ rẹ kò wá igbá lọ, sọ fún un kó pa á rẹ́. Mi ò ní bínú.

Kí Beauty fún mi. Kí àwọn ará ìjọ yín.

Èmi ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ mi lọ.

Èmi tí a jọ wà nínú ọkọ̀ náà,
Moríkẹ́
(ìtẹ̀ka rẹ̀ nìyí)