Wagdi, A Ti Yọ Ilẹ̀kùn Òrùlé

Wagdi, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọdún márùn-ún pé lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Ìjì ìgbà òtútù tún ti dé sí Alẹkisándíríà, òkun tún ń pariwo, èmi náà tún ń yọjú lójú fèrèsé bí ẹni tó ń retí kí o ti ilé ìwé dé. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ojú ni kò gbọ́.

Jẹ́ kí n ròyìn ilé fún ọ. Rim ọmọ rẹ ti lọ́kọ. Ó bí ọkùnrin kan, orúkọ rẹ ló ń jẹ́, alágídí ni, etí rẹ̀ méjèèjì sì nà síta bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Ilé rẹ ní àjà òkè pátápátá ni wọ́n ń gbé, torí owó ilé ìgboro yìí ti kọjá ohun tí ọmọ èèyàn ń fẹnu sọ. Sawsan ìyàwó rẹ wà lọ́dọ̀ mi nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí o lọ, kò fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn ilé yìí mọ́. Rim ló ń gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Èmi ṣì ń ránṣọ, ojú ló ń dùn mí.

Ilé ìwé rẹ náà ò gbàgbé rẹ o! Ṣé o rántí géètì ẹ̀yìn tí ìwọ àti ọ̀gá ilé ìwé máa ń jà lé lórí lọ́dọọdún? Èyí tí wọ́n máa ń ṣí lọ́jọ́ tí àwọn panápaná bá ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò nìkan, tí wọ́n á tún fi ṣéènì dè lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ọmọ má baà sá jáde lọ ra ìpanu? Wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ sára òkúta mábù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ géètì yẹn gan-an. "Ní ìrántí olùkọ́ wa ọ̀wọ́n." Géètì sì wà ní títì pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ! Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo lọ wò ó fúnra mi. Mo tutọ́ sílẹ̀, mo padà sílé.

Alhaji Shukri onílé wa ńkọ́? Ó wà láyé. Irú wọn kì í tètè kú. Ikùn rẹ̀ ti yọ sí i, ẹyẹlé tó ń sìn lórí òrùlé sì ti pọ̀ sí i. Níbi ìsìnkú rẹ, ó sunkún ju àwa ẹbí rẹ lọ. Ó gbá Kùránì mú, ó ní òun ò tún ní ti ilẹ̀kùn òrùlé mọ́ láéláé, gbogbo àdúgbò sì ṣe àmín. Ìbúra yẹn ò rí ìgbà òtútù kejì. Wọ́n jí ẹyẹlé rẹ̀ gbé, ó lọ ra ilẹ̀kùn onírin tuntun, ó fi àgádágodo tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sí i. Ẹyẹlé! Wagdi, nítorí ẹyẹlé!

Kí ẹnikẹ́ni má wá bi mí pé kí ló dé tí mò ń bú àgbàlagbà. Ọjọ́ tí àga àtijọ́ tí wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn gbiná, tí èéfín dí gbogbo ìsàlẹ̀, òkè ni o sá gbà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò Alhaji, Alhaji wà ní ilé kọfí létí òkun, ó ń fa ṣíṣà. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni àwọn panápaná ti bá ọ, ọwọ́ rẹ ṣì di àgádágodo mú. Kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ṣàyẹ̀wò ilé wa, tí wọ́n ní ó yege! Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀ ò tiẹ̀ jóná. Ìwọ lo lọ, ìwé wà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò ọ̀hún ò yí padà. Bó bá ti ku ọ̀la, gbogbo ayálégbé á kó àga tó ti kán, bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ àti fìríìjì tó ti kú kúrò lórí àtẹ̀gùn wọ yàrá, bí àyẹ̀wò bá ti parí, wọ́n á tún kó wọn padà síbẹ̀, torí àwa ará ibí kì í da nǹkan nù. Maigádì á lọ yá sílíńdà pupa tí wọ́n fi ń paná lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Bí ọ̀gá Bahgat tó ń ṣàyẹ̀wò bá ti rí i ní àjà kìíní, maigádì á fi jalabíà bò ó, á sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá kọjá lọ sókè, ọ̀gá á tún bá a ní àjà kejì, á ní, "Ó dáa, ẹ̀yin náà ní." Sílíńdà kan ṣoṣo! Bí wọ́n bá dókè, Alhaji á ṣí ilẹ̀kùn, á tẹ́ tábìlì sáàárín àgò ẹyẹlé, wọ́n á gbé ẹyẹlé tí wọ́n ki ìrẹsì sínú rẹ̀ wá. Ọ̀gá á jẹ, á lá ọwọ́, á fọwọ́ síwèé. Kó tó délẹ̀, àgádágodo ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́dún yìí, kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, Rim gbé ọmọ dání, ó lọ bá Alhaji. "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, ọmọ kékeré ló wà pẹ̀lú mi lókè yẹn. Ẹ má tilẹ̀kùn òrùlé mọ́."

"Ọmọ mi, ṣé ojoojúmọ́ nilé ń jó ni? Bí iná bá sì yọ, sáà pè mí lórí fóònù, mò ń bọ̀ nìyẹn."

Pè é lórí fóònù! O gbọ́ o! Rim sunkún dé ọ̀dọ̀ mi. Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Mo ní, ṣé ọmọ Wagdi àti ọmọ ọmọ Wagdi ni wọ́n tún fẹ́ bá lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí? Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú èmi Inshirah.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, mo jẹ́ kí ọ̀gá jókòó. Mo jẹ́ kó ya itan àkọ́kọ́. Mo wá mú oníwẹ́dà tó ń ṣe irin fèrèsé ládùúgbò gòkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilẹ̀kùn kúrò lára ògiri.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" Bahgat ló ń bèèrè, ẹyẹlé kún ẹnu rẹ̀.

"Mò ń gbé ilẹ̀kùn lọ ni, ọ̀gá. Ẹ máa jẹun yín."

Alhaji fò dìde. "Ilẹ̀kùn mi! Ẹ gbà mí o, orí obìnrin yìí ti dàrú!"

"Shukri, Kùránì lo gbá mú lójú òkú àbúrò mi, kì í ṣe itan ẹyẹlé. Sún kúrò níbẹ̀, kí irin má baà já lé ọ lẹ́sẹ̀."

Àwọn ayálégbé ti jáde sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tọkọtaya àjà kejì, àwọn tí àga wọn kọ́kọ́ gbiná lọ́jọ́ yẹn, ló bá mi gbé ilẹ̀kùn náà sọ̀kalẹ̀. Wọn ò lè wojú mi. Mi ò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wò ó.

Ó yá, gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá. Bahgat nu ẹnu, ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ síwèé pé ilé wa kùnà. Ẹ̀sùn wo? Pé òrùlé ò nílẹ̀kùn! Ìgbà tí ilẹ̀kùn ń pààyàn, ilé yege. Ìgbà tí ilẹ̀kùn lọ, ilé kùnà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà, kí ọ̀gá tó ga jù ú lọ lè rí i kà. Alhaji ní òun ń lọ sí kóòtù, òun á sì gbé ilẹ̀kùn mìíràn wá. Kó gbé e wá! Oníwẹ́dà ò kó kúrò ládùúgbò, èmi náà ò sì tíì kú.

Láàárọ̀ yìí, a gbé búrẹ́dì sàráà wá sí ibojì rẹ, a ka Fátíhà. Nígbà tá a délé, Sawsan gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Mo rò pé ó fẹ́ jókòó simi ni. Ó ń gòkè! Rim wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, èmi wà lẹ́yìn. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti bá ọ, ó dúró, ó fọwọ́ pa ògiri tó dúdú, tí Alhaji ò tíì kùn láti ọdún yẹn. Atẹ́gùn òkun fẹ́ wọlé sí i lójú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì ti wà níta, lábẹ́ ọ̀run. Ló bá figbe ta.

Ẹsẹ̀ kan péré, Wagdi! Ẹsẹ̀ kan péré ló kù fún ọ lọ́jọ́ yẹn. A sunkún lórí òrùlé títí ojú wa fi wú. Àárò rẹ ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ, àbúrò mi, a ò sì ní yé fẹ́ràn rẹ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ Inshirah, pẹ̀lú Sawsan, Rim àti Wagdi kékeré.